Ìkẹjà kò jìnnà sí Ọ̀tà, owó ọ̀nà ló jìnnà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọ̀rọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké tó wà ní Ọ̀tà àti Ṣángò ṣe rí gan-an nìyẹn, pàápàá àwọn tí ẹrù wọn tàbí àlejò wọn máa ń gba pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà ní Ìkẹjà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè iye tí ẹrù kan ná wọn, kíá ni wọn yóò ka iye tí wọ́n fi rà á lókè òkun, iye tí wọ́n fi gbé e wá, iye tí àwọn aṣọ́bodè gbà àti iye tí éjẹ́ǹtì tó bá wọn gba ẹrù jáde gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí ìṣirò sí. Ọ̀nà tó kù láti Ìkẹjà dé Ọ̀tà, èyí tí kò tó kìlómítà 30, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èrè wọn ti ń jò dànù.

Lóru, nígbà tí ojú ọ̀nà bá dá, ìrìn láti pápákọ̀ òfurufú náà dé abẹ́ afárá Ṣángò kì í gba wákàtí kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan gbìyànjú rẹ̀ wò ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Láti Dópẹ̀mú ni ọkọ̀ yóò ti máa rá bí ìgbín. Bí ó bá jàjà bọ́ ní Ìyànà-Ìpájà, ti Abúlé-Ẹ̀gbá ń dúró dè é. Bí ó bá bọ́ níbẹ̀, Ahmadiyya, Kollington àti Alákùkọ ṣì wà níwájú, kó tó wá kan Tóògéètì tó wà lágbègbè ààlà Èkó àti Ògùn. Láti ọdún 2004 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti fòpin sí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láwọn ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò níbẹ̀. Owó kọ́ ni àwọn èèyàn ń san ní Tóògéètì mọ́, àkókò wọn ni. Wákàtí 2 tàbí 3 lórí ìrìn yìí kì í ṣe ohun tó ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ ní Ṣángò.

Ohun tó burú ni pé oníṣòwò kì í rí àkókò tó sọnù bíi owó. Ká ní ẹnì kan ń ṣe ọ̀rá ìdìrù ní Ọ̀tà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì dẹnu kọlẹ̀. Ó pàṣẹ páàtì kan láti òkè òkun, ₦200,000 ni wọ́n tà á fún un. Páàtì náà balẹ̀ sí Ìkẹjà, wọ́n gbà á jáde ní ọ̀sán, ọkọ̀ tó háyà sì gbà ₦40,000. Ká ní ó yẹ kí páàtì yìí dé ní aago 2 ọ̀sán, kí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ aago 7 alẹ́ ló tó dé. Bí ẹ̀rọ náà bá máa ń mú èrè ₦6,000 wọlé ní wákàtí kan, ₦30,000 ti lọ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ 2 tó jókòó láti àárọ̀, tí wọ́n ń retí, ₦3,500 lówó iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ₦7,000 tún lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦77,000. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ra páàtì gan-an lọ, bẹ́ẹ̀ orí ìrìn tí kò tó kìlómítà 30 ló ti lọ. Kì í ṣe iye owó tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí ló ṣe pàtàkì, nítorí ti oníkálukú yàtọ̀. Ọ̀nà ìṣirò náà ló ṣe pàtàkì: owó ọkọ̀, owó àwọn tó ń dúró, àti èrè tí ẹ̀rọ tó dákẹ́ kò rí mú wọlé. Ẹni tí kò bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kò tíì mọ iye tí òun ń ta ọjà òun.

Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà mọ ìṣirò yìí dáadáa. Wọ́n ní ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ní awakọ̀, wọ́n ní ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gba ẹrù ní Ìkẹjà lọ, wọ́n sì ní ilé ìkẹ́rùsí tí páàtì máa ń wà nílẹ̀ dè ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Oníléeṣẹ́ kékeré ni kò ní nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Òun náà ni ọ̀gá, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò. Bí ó bá lọ sí Ìkẹjà, ṣọ́ọ̀bù ti dá wà nìyẹn. Bí kò bá sì lọ, ẹni tó bá rán lè máà mọ páàtì tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti fọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí jálá epo sì fò láti nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦480 l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ kò tíì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbójú fò láyé ìjọ́un ti di ohun tó lè sọ ọjà di ọ̀fọ̀ báyìí.

Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe to ọ̀nà yìí yóò rí ohun kan tó jọni lójú. Gbogbo nǹkan ló máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀tà. Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Agbègbè Ọ̀tà ni ojú irin náà gbà kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ojú irin elérò ń ná Iddo sí Ìjòkó, tí kò jìnnà sí Ṣángò. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò tuntun ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed sọ. Wọn kò so ojú irin tó wà nítòsí mọ́ ọn. Wọ́n ṣí ilé èrò abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní MMA2 ní ọdún 2007, wọ́n tún ṣí ilé èrò mìíràn fún àwọn tó ń lọ sókè òkun ní ọdún 2022, bákan náà lọmọ ṣorí. Ilé ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó parí ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Òṣòdì. Ibo ló dé? Abúlé-Ẹ̀gbá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ibùdókọ̀ 8 ló ní lórí kìlómítà 27: Ọ̀yìngbò, Yábàá, Mushin, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége, Ìjù àti Agbádó. Ó ya ibùdókọ̀ sí Ìkẹjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ inú pápákọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni ó dé Agbádó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ Ṣángò. Èèyàn lè fi ojú rẹ̀ rí ibi tó ń lọ, kí ọkọ̀ tó gbé e sì sọ pé òun ti dé òpin ìrìn tòun. Ohun tó kù kò pọ̀, ohun tó kù yẹn náà ló sì ń jẹ owó jù.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe lórí irú ọ̀ràn yìí kì í ṣe idán. Ní ìlú Hong Kong, inú òkun ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfurufú wọn sí, lórí erékùṣù tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ àti òkúta kún kó lè tóbi tó. Bí wọn kò bá ti ronú nípa ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni àlejò ì bá máa wọ̀ dé ìgboro. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà tí pápákọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1998 ni ọkọ̀ ojú irin tó so ó mọ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 ló sì ń gbà dé àárín ìgboro. Àwọn yẹn ka ọ̀nà mọ́ ara pápákọ̀ òfurufú. Nílé níbí náà, Àbújá ní ọkọ̀ ojú irin tó dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ó dáwọ́ dúró ní ọdún 2020, wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò ṣeé ṣe ní Nàìjíríà kò sọ òótọ́.

Ní Ọ̀tà, ìdáhùn tí èèyàn máa ń gbọ́ sí gbogbo èyí ni pé kí ìjọba wá ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ìjọba wo? Ìjọba àpapọ̀ ló ni pápákọ̀ òfurufú, òun ló sì la òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ìjọba Èkó ló ni BRT àti Red Line. Ìjọba Ògùn ló ni ìlú tí àwọn oníléeṣẹ́ wà, tó sì ń gba owó orí wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ló ni àwọn ọ̀nà wẹ́wẹ́ tó wọ ẹnu géètì iléeṣẹ́. Ẹrù kan ṣoṣo ń kọjá lórí ilẹ̀ ìjọba mẹ́rin. Nígbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti èèyàn mẹ́rin, oníkálukú ni yóò máa wo ojú ẹnì kejì. Kò yẹ kí oníléeṣẹ́ kékeré dákẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó pa òṣìkà, ohun rere á ti bàjẹ́. Ẹni tí ẹ̀yáwó ń pọ̀ sí lọ́rùn lóṣooṣù kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán títí di ọjọ́ tí wọn yóò so Ìkẹjà mọ́ Ṣángò. Ohun tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni aago. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ọ̀tà ní bó ṣe ń rìn, bí omi òkun tó ń lọ tó ń bọ̀. Láàárọ̀, láti aago 5, àwọn tó ń gbé Ṣángò, Ìjòkó àti Ìfọ̀ ni wọ́n ń ya wọ Èkó lọ síbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, láti nǹkan bí aago 3 lọ, àwọn kan náà ni wọ́n ń padà bọ̀ wálé. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń ti Ìkẹjà bọ̀ wá sí Ọ̀tà ní àárọ̀, òun àti ọ̀pọ̀ èrò ń kọjú síra wọn ni, ojú ọ̀nà tirẹ̀ kì í fún pọ̀ tó tiwọn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń jáde ní Ọ̀tà lọ gba ẹrù, wọn á há sínú èrò tó ń wọ Èkó. Ìwé kò ní pé títí ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò sì tó gbé ẹrù jáde ní ilé ẹrù, wọn á tún há sínú èrò tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n jìyà lálọ, wọ́n jìyà lábọ̀. Ó sàn kí ẹni tó bá gba ẹrù tán lẹ́yìn aago 2 fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì sí ibi tó ní ìgbẹ́kẹ̀lé ní Ìkẹjà tàbí Agége, kí ọkọ̀ sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Owó ìpamọ́ alẹ́ kan sábà máa ń kéré sí iye tí wákàtí 3 nínú gosiló ń jẹ. Ẹrù tí ẹ̀rọ ń dúró dè lójú ẹsẹ̀ nìkan ló yẹ kó yàtọ̀ sí èyí.

Ó yẹ kí oníṣòwò mọ kàlẹ́ńdà ọ̀nà náà pẹ̀lú. Ọjọ́ Jímọ̀ le. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó yẹ kó rọrùn, kì í rọrùn ní ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò nítorí àwọn tó ń lọ fún ìsìn ní Canaanland, níbi tí ilé ìsìn tó gba èèyàn 50,000 wà láti ọdún 1999. Ní oṣù Kejìlá tí àpéjọ Shiloh máa ń wáyé níbẹ̀, ẹni tó bá pàṣẹ páàtì kó dé lọ́sẹ̀ yẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣòwò ní etí odò ní láti mọ ìgbà tí odò ń kún.

Ohun kejì ni pé kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹrù. Oníléeṣẹ́ tó ń lọ fọwọ́ sí ìwé lásán, tàbí tó ń lọ wo ẹrù rẹ̀, kò ní ìdí kankan láti háyà mọ́tò. Yóò wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá tàbí ọkọ̀ kòrópe lọ sí Agbádó, yóò ti ra káàdì Cowry sílẹ̀, nítorí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn nínú Red Line, yóò sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Kó kọ́kọ́ mọ àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra, nítorí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin bá fi sílẹ̀ lè dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, kò sí gosiló lójú irin. Yorùbá náà ló ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì ti wà nínú àṣà wa tipẹ́. Kí ọ̀làjú tó dé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tóbi ju agbára rẹ̀ lọ kì í dá a ro. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Lónìí wọ́n wà lóko Ayọ̀, lọ́la wọ́n wà lóko Àjàní, ẹni kẹ́ni kò san owó, oko gbogbo wọn sì ń mọ́. Ohun tó yẹ kí àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké Ọ̀tà ṣe sí ọ̀nà Ìkẹjà nìyẹn: kí wọ́n máa ṣe àáró ẹrù. Tí oníléeṣẹ́ 5 tó wà ládùúgbò kan, bóyá ní Ojú-Ọrẹ tàbí ní Jójù, bá jọ háyà ọkọ̀ kan náà tí ì bá gba ₦40,000 lọ́wọ́ ẹnì kan, ₦8,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Èèyàn kan ni yóò lọ dípò márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yòókù yóò sì wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá yan ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ fún un, bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa sọ fún àwọn tí wọ́n ń rajà lọ́wọ́ wọn lókè òkun pé kí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ kó bá ọjọ́ náà mu.

Àwọn kan yóò ní ìgbẹ́kẹ̀lé kò sí mọ́. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àjọ ló ti tú ká nítorí pé ẹnì kan kó owó sá lọ tàbí nítorí pé ẹrù ẹnì kan ń fi ti àwọn yòókù falẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ló ń mú àjọ dúró, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Àkọ́kọ́, oníkálukú gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìkejì, ọkọ̀ kì í dúró de ẹrù tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì pé. Ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè bá dá dúró, ti ẹni tó ni ín nìkan ni, yóò dúró de ọjọ́ mìíràn. Ìkẹta, kí wọ́n kọ gbogbo ẹrù sínú ìwé kan, iye páálí, bó ṣe rí, àti orúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹni tó gbà á àti awakọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ìkẹrin, kí wọ́n fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò san án bí ẹrù bá fọ́ tàbí sọnù lọ́nà. Ìkarùn-ún, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti pàjáwìrì lè gba ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú àjọ lọ́sẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ tó bá lè pa òfin márùn-ún yìí mọ́ fún oṣù 3 yóò rí ìyàtọ̀ nínú ìwé owó rẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà nínú kí wọ́n jọ rìn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà lè bá àwọn agbówó-òde pàdé ní Èkó, kó tún bá òmíràn pàdé ní Ògùn, oníkálukú pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n háyà fún ọjọ́ kan kò mọ èyí tó bófin mu nínú wọn, yóò kàn san án, yóò sì fi kún owó oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tó ń gba ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ìwé rẹ̀ pé, tí awakọ̀ rẹ̀ sì mọ ohun tó yẹ kó san àti ibi tó yẹ kó ti san án, kò rọrùn láti rẹ́ jẹ.

Ti àlejò náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Oníbàárà tó wá láti òkè òkun láti wá wo iṣẹ́, tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá tún ẹ̀rọ ṣe, ọ̀nà tó gbà dé iléeṣẹ́ ló kọ́kọ́ fi ń dá oníléeṣẹ́ lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún àwọn onítakisí tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ iye tó yẹ kó san, tó sì jókòó wákàtí 3 nínú ooru, ó ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ọjà tí òun fẹ́ rà náà yóò ṣe máa pẹ́ lọ́nà nìyí. Bí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ bá balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lóru, ó dára kó sùn ní Ìkẹjà, kí awakọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa wá gbé e ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì nígbà tí èrò ń kọjú sí Èkó. Kí wọ́n ti bá awakọ̀ náà fẹnu kò lórí iye owó ṣáájú, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àlejò kó tó wọkọ̀ nílé. Èyí kò ná oníléeṣẹ́ ní ohun púpọ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni yóò mú kí àlejò náà tún padà wá.

Bí àwọn oníléeṣẹ́ bá ti ṣe tiwọn, ẹnu wọn yóò gba ọ̀rọ̀ níwájú ìjọba. Kí wọ́n má kàn lọ máa kígbe pé ọ̀nà kò dára, nítorí wọ́n ti ń kígbe yẹn pẹ́. Ohun kéékèèké tí wọ́n lè fọwọ́ kàn ni kí wọ́n bèèrè. Lọ́wọ́ ìjọba Ògùn: bọ́ọ̀sì tí yóò máa ná Agbádó sí Ṣángò àti Ojú-Ọrẹ, tí àkókò rẹ̀ yóò bá ti ọkọ̀ ojú irin mu. Lọ́wọ́ ìjọba Èkó: bọ́ọ̀sì tí yóò máa ná ibùdókọ̀ ojú irin Ìkẹjà sí pápákọ̀ òfurufú àti àwọn ilé ẹrù tó wà níbẹ̀. Lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀: kí àwọn ihò tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta má máa dúró di ìgbà tí òjò bá sọ wọ́n di adágún. Ní ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti Èkó àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ti Ògùn jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti máa jọ ṣe ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tó wà ní ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì. Bọ́ọ̀sì méjì yìí ni ohun tí èèyàn lè fi dán àdéhùn náà wò. Kò gba kí wọ́n la ojú irin tuntun kan, kò sì gba kí wọ́n wó ilé ẹnikẹ́ni.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ sí agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, inú ọ̀pọ̀ èèyàn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n oníléeṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà mọ̀ pé Ìkẹjà ló sún mọ́ òun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú òkè òkun ń balẹ̀ sí. Pápákọ̀ tuntun kò lè wo àrùn ọ̀nà àtijọ́ sàn. Ibi yòówù kí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sí, kìlómítà díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni yóò sọ bóyá èrè yóò kù nínú ẹrù tó gbé wá.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Oníléeṣẹ́ tó ń dá lọ sí Ìkẹjà, tó ń dá háyà ọkọ̀, tó ń dá jókòó sínú gosiló, ń san owó tí àwọn márùn-ún lè jọ san. Kó mú ìwé, kó kọ iye tí ìrìn mẹ́ta tó lọ gbẹ̀yìn ná an sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tó sọnù. Lẹ́yìn náà, kó kan ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó bèèrè ọjọ́ tí ẹrù tiwọn ń bọ̀.